Ẹ̀ṣẹ̀ Ibùsùn Àbí Ẹ̀ṣẹ̀ Àgàbàgebè? A Dáhùn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí àwọn òṣèlú tí àṣírí àgbèrè wọn tú pọ̀ débi pé ńṣe la ní láti yan nínú wọn. Orúkọ Matt Hancock, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kòrónà, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé mi. Ọkùnrin kan fẹnu ko obìnrin lẹ́nu nínú ọ́fíìsì. Àwọn méjèèjì ti dàgbà, kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnì kejì. Àwòrán jáde lónìí, lọ́la iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé àwọn òyìnbó ò lálè ni?
— Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Wọ́n lálè dáadáa, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbójú fo òṣèlú tó lálè. Ká ní ọdún 2019 ni Hancock ṣe ohun tó ṣe yìí, àwọn oníwèé ìròyìn ì bá pariwo rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì di ti òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn. Ọjọ́ tó ṣe é ló kó bá a.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2021 ni kámẹ́rà ká òun àti obìnrin náà mọ́ inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Victoria Street, Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ yẹn, òfin ṣì ń de gbogbo ará England pé àwọn tí kì í jọ gbé inú ilé kan náà kò gbọdọ̀ pàdé nínú ilé láti ṣeré. Ìjọba sì ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí wọ́n má dì mọ́ra. Ọjọ́ 17 oṣù yẹn ni wọ́n tó fàyè gbà á pé kí ìyá àgbà wọlé ọmọ rẹ̀ kó gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Èèyàn tó bá lọ síbi ìsìnkú kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ dá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì St George's ní Windsor níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ìbòmú lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé rí àwòrán yẹn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí mínísítà ìlera, ẹni tó máa ń jáde sórí tẹlifíṣọ̀n láti ka òfin yìí sétí aráàlú, di ẹni tí kì í ṣe ara ilé rẹ̀ mọ́ra.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba mọ ohun tí èèyàn 30 já sí. Ẹ ka ọmọ olóògbé, ẹ ka ìyàwó àti ọkọ àwọn ọmọ, ẹ ka ọmọ-ọmọ àti àbúrò. Ẹ ò tíì kan àna, ẹ ò tíì kan ìjọ, ẹ ò tíì kan ẹgbẹ́ ìlú, 30 ti kún. Ẹni tó ń sin ìyá rẹ̀ ní láti mú nínú àwọn ọmọ ìyá, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀ sídìí fóònù. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí àwòrán Hancock, ọ̀rọ̀ àlè kọ́ ló ń wò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Ohun kan tún wà tó mú kí ìbínú náà le. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Neil Ferguson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí kòrónà, gba obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra láyè láti wá bá a nílé nígbà kónílé-ó-gbélé. Àṣírí tú, ó fi ìgbìmọ̀ tó wà sílẹ̀. Hancock bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Sky, ó ní ohun tó yẹ kí ọkùnrin náà ṣe ló ṣe yẹn, pé ẹnu ya òun débi pé òun ò lè sọ̀rọ̀, àti pé bí ọlọ́pàá bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀, òun wà lẹ́yìn wọn. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, òṣùwọ̀n tó fi wọn Ferguson ni aráàlú gbé jáde fún òun náà. Ta ló fẹ́ sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ?

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn láàárín ọjọ́ méjì yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó bá ń bá òṣèlú ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ni ìwé ìròyìn The Sun gbé àwòrán jáde. Hancock tọrọ àforíjì pé òun tẹ ìlànà jíjìnnà síra ẹni lójú. Kò pẹ́, ọ́fíìsì olórí ìjọba Boris Johnson kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ibi tí wọ́n ti ṣi í ṣe nìyẹn. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ní ẹnu láti sọ pé ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀gá ẹni tó ṣẹ̀ kò ní in. Ẹgbẹ́ àwọn tí kòrónà pa ẹbí wọn ní kí wọ́n yọ mínísítà náà. Aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wọn, títí kan àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ Conservative tí Hancock ń ṣe, Duncan Baker tó ń ṣojú North Norfolk sì là á mọ́lẹ̀ ní gbangba pé kó máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Sajid Javid gba ipò rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ owó, tí ariwo ìfẹnukonu bò mọ́lẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe àlejò ní ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀rẹ́ Hancock láti yunifásítì ni. Ó kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn tí kò gba owó ní 2020, kó tó wá di ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ tó ń ṣàbójútó ẹ̀ka ìlera, £15,000 lọ́dún fún iṣẹ́ ọjọ́ 15 sí 20. Ká tiẹ̀ gbà pé ìfẹ́ kò tíì sí láàárín wọn nígbà tí wọ́n fún un níṣẹ́, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti jẹ́ pé ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti máa yẹ iṣẹ́ mínísítà wò ni mínísítà ń fẹ́. Lójú tiwa, ìyẹn nìkan tó láti fi lé e kúrò, kòrónà ì báà wà kó má wà.

Ìbéèrè: Nígbà náà lọ́hùn-ún, àbúrò mi sanwó ìtanràn torí ọjọ́ ìbí tó ṣe nínú yàrá rẹ̀. Ṣé Hancock san?
— Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Kò san. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ sí òfin yẹn ní 2021, £200 ni wọ́n máa kọ fún un. Tó bá san án kó tó pé ọjọ́ 14, wọ́n á gba £100. Tó bá tún ṣẹ̀, ó di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gùn lọ títí dé £6,400. Irú ìwé ìtanràn bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá kọ ní England àti Wales lé ní 100,000. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn kì í sábà padà sẹ́yìn lọ ṣèwádìí ẹ̀sùn kòrónà tó ti kọjá. Àbúrò yín, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ká a mọ́. Hancock, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àwòrán tó jáde. Òfin tún yọ ìpàdé tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò sì ń jiyàn lórí bóyá ọ́fíìsì tó jẹ́ ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì bọ́ sábẹ́ ìyẹn. Ìfẹnukonu kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé e dé kóòtù kí adájọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dun ọ̀pọ̀ èèyàn jù ni pé ẹni tó tú àṣírí ni ìjọba kọ́kọ́ lé. Ní oṣù Keje 2021, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni wọ ilé méjì, wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wá ẹni tó yọ fídíò náà nínú kámẹ́rà. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n pa fáìlì náà dé pé ẹ̀rí kò tó. Inú oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni ọlọ́pàá kọ ìwé ìtanràn fún Boris Johnson fúnra rẹ̀ lórí ìpéjọ ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2020 nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ìwádìí yẹn parí, ìwé ìtanràn ti di 126 fún èèyàn 83. Nítorí náà, wọ́n lè padà sẹ́yìn ṣèwádìí nígbà tí ariwo bá pọ̀ tó. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kò ṣì í rò.

Ìbéèrè: Pásítọ̀ wa ní gbogbo olóṣèlú tó bá ṣàgbèrè ni àgàbàgebè. Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ ò kan aráàlú. Báwo la ṣe ń mọ èyí tó kan wá?
— Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Panṣágà jẹ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú náà àti ẹni tó bá a ṣe ìgbéyàwó, àti Ọlọ́run tó bá gbà gbọ́. Àgàbàgebè ní tirẹ̀ gba ẹ̀rí, ẹ sì lè wá ẹ̀rí náà fúnra yín. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe sí ìlà kan ṣoṣo, kí ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn: òfin wo ló buwọ́ lù, ìbò wo ló dì, ta ló dá lẹ́jọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí? Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ tún bi ara yín ní ìbéèrè méjì sí i: owó ta ló fi ṣe é, ṣé abẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n jọ ṣe é ti ń ṣiṣẹ́? Ìparọ́ ló gbẹ̀yìn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀ṣẹ̀ kò pa, tí irọ́ tí wọ́n fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ wá pa wọ́n.

Ẹ gbé Eliot Spitzer, gómìnà New York, sórí ìwọ̀n yìí. Ní 2007 ó buwọ́ lu òfin tó gbé ìyà ọkùnrin tó bá lọ sọ́dọ̀ aṣẹ́wó sókè, láti ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Nígbà tó ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó ti gbé àwọn tó ń ṣòwò aṣẹ́wó lọ sí kóòtù. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2008, òun fúnra rẹ̀ gba aṣẹ́wó ní hòtẹ́ẹ̀lì Mayflower ní Washington, ó san $4,300. Níbí, kò sí àríyànjiyàn. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Bí wọ́n ṣe mú un tún jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Kì í ṣe ìyàwó ló ká a mọ́, kì í ṣe akọ̀ròyìn. Báǹkì ni. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, báǹkì gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí tí owó tí èèyàn kó wá tàbí tó gbà lọ́wọ́ bá ju $10,000 lọ. Tí oníbàárà bá wá ń gé owó rẹ̀ kéékèèké kí wọ́n má bàa rí i, gígé yẹn gan-an á di ẹ̀ṣẹ̀. Spitzer ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ orúkọ lásán, ó sì ń wá bí orúkọ tirẹ̀ kò ṣe ní hàn níbẹ̀. Báǹkì fura, ó kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀. Àwọn olùṣèwádìí kọ́kọ́ rò pé rìbá ni gómìnà ń san. Wọ́n wá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni ìwé ìròyìn New York Times gbé e, ọjọ́ 12 ló kéde pé òun ń lọ. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù rárá nígbẹ̀yìn, torí wọn ò rí owó ìjọba nínú ohun tó ná.

Ẹ wá gbé John Major, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1990 sí 1997, sórí ìwọ̀n kan náà. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Blackpool ní oṣù Kẹwàá 1993, ó ní kí orílẹ̀-èdè padà sí ìpìlẹ̀, sí ìwà ọmọlúàbí. Àwọn oníwèé ìròyìn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàrá àwọn mínísítà rẹ̀ wò. Ní oṣù Kìíní 1994, Tim Yeo kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí ó bímọ níta. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ọdún 2002 ni Edwina Currie, tó jẹ́ mínísítà rí, wá fi ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ hàn pé òun àti Major fẹ́ra láti 1984 sí 1988, tí àwọn méjèèjì sì wà nílé ọkọ àti lọ́dọ̀ aya. Àwọn tí Major jẹ́ kí wọ́n lọ, ohun tí òun náà ti ṣe ni wọ́n ṣe. Pásítọ̀ yín àti ọ̀rẹ́ yín lè jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ti Major yìí. Ìfẹ́ náà ti parí kó tó di olórí ìjọba. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ aráàlú lọ́jọ́ tó gun pèpéle ní Blackpool.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Spitzer fi lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí Sẹ́nétọ̀ David Vitter ti Louisiana, tó ṣe irú ohun kan náà, tún fi wọlé ìbò?
— Òǹkàwé kan, Houston

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà fóònù Vitter jáde nínú ìwé obìnrin kan tó ń ṣòwò aṣẹ́wó ní Washington, ní oṣù Keje 2007, gómìnà Louisiana jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, òun ló sì máa yan ẹni tí yóò gba ipò sẹ́nétọ̀ tó bá lọ. Ẹgbẹ́ Republican ò ní fọwọ́ ara wọn fún ọ̀tá ní àga. Wọ́n gbọ́ pé ó tọrọ àforíjì, wọ́n dákẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó hàn pé wọ́n ti mú Sẹ́nétọ̀ Larry Craig ti Idaho ní pápákọ̀ òfuurufú Minneapolis lórí ẹ̀sùn pé ó ń wá ọkùnrin nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ti gbà pé òun jẹ̀bi ìwà àìtọ́ ní gbangba. Ẹgbẹ́ kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ṣùgbọ́n gómìnà Idaho jẹ́ Republican, àga náà ò ní sọnù, nítorí náà àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ sáré ní kó fi ipò rẹ̀ nínú àwọn ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Pé ti Craig jẹ mọ́ ọkùnrin sí ọkùnrin dá kún un, a ò ní fi bò. Ní ti Spitzer, ó ti bá àwọn onílé-owó New York jà fún ọdún púpọ̀, kò ní ọ̀rẹ́ tó máa dúró tì í, olórí àwọn Republican nínú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sì ti ń halẹ̀ pé àwọn máa yọ ọ́.

Aráàlú ní tiwọn máa ń wo ẹni tó ń fi ẹ̀sùn kàn. Ní 1998, nígbà tí Bill Clinton purọ́ lórí ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ààfin ìjọba, àwọn Republican gbà pé ìbò oṣù Kọkànlá máa jẹ́ tiwọn. Àga márùn-ún ni ẹgbẹ́ Clinton jẹ kún tiwọn nínú ilé aṣojú. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá tí ilé yẹn dìbò pé kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án, Bob Livingston tí wọ́n ti yàn pé kó jẹ́ olórí ilé kéde lórí ìjókòó pé òun ń lọ, torí àṣírí àgbèrè tirẹ̀ ti tú. Iye tí àwọn Gallup rí pé ó fọwọ́ sí iṣẹ́ Clinton lọ́sẹ̀ náà tó 73 nínú ọgọ́rùn-ún. Newt Gingrich, tó ṣáájú ìjà náà, jẹ́wọ́ ní 2007 pé òun náà ń yan àlè lásìkò yẹn. Ẹ sì mọ ẹni tó gba àga Livingston? Vitter ni, ní 1999.

Ṣé Louisiana wá dárí jì í pátá? Ní 2010, ó wọlé pẹ̀lú ìbò bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2015 ó jáde fún gómìnà, John Bel Edwards fi ọ̀rọ̀ fóònù yẹn polówó ìbò: ó fi hàn pé lọ́jọ́ tí Vitter kò sí níbi ìbò tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún sójà 28 tó kú, ìpè láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò yẹn wọlé sórí fóònù rẹ̀. Vitter fìdí rẹmi, 56 sí 44, ní ìpínlẹ̀ tí àwọn Republican ti máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ibẹ̀ ló ti wọ àwọn èèyàn lára.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàwó ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà?
— Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Àwọn olùdámọ̀ràn ọkọ ló sábà máa ń fẹ́ ẹ, kí aráàlú lè rò pé nílé wọ́n ti dárí jì í. Ìyàwó Spitzer dúró tì í; ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń rántí ju ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. Ní 2009, Mark Sanford, gómìnà South Carolina, pòórá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní orí òkè ló ti ń rìn kiri, ó wá di pé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Argentina ló wà. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò bá a dúró níwájú kámẹ́rà kankan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ìyàwó jẹ aráàlú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá dúró tàbí tó kọ̀ kò yẹ fún èébú. Ẹ rántí obìnrin kejì náà: nínú ọ̀rọ̀ Vitter, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ yẹn ni kóòtù dá lẹ́bi ní oṣù Kẹrin 2008, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Sẹ́nétọ̀ ò fara hàn ní kóòtù kankan gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ìbéèrè: Wọ́n fi àwòrán ìhòòhò kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, wọ́n ní aṣòfin àdúgbò wa ni. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ síwájú kí aráyé lè mọ̀ ọ́n?
— Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Rárá. Apá 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, mú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àwòrán oníhòòhò ránṣẹ́, tàbí tó tan irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni láti dá wàhálà sílẹ̀. Ìyà rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méje náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀. Olówó lẹ ń bá ṣeré. Ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Kí ẹ tó gbà pé òun ni, ẹ gé ojú àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán náà jáde, kí ẹ yọ ìhòòhò kúrò, kí ẹ fi Google Lens wá a. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí i pé àwòrán náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ wo ìka ọwọ́, etí, àti ibi tí ọrùn ti pàdé ara, torí ibẹ̀ ni àwòrán tí kọ̀ǹpútà lẹ̀ pọ̀ ti sábà máa ń ṣìṣe. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti yà á, àti ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ti Hancock dúró nítorí pé ibi tí wọ́n ti yà á ṣeé dá mọ̀, ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Aṣọ sì wà lára àwọn méjèèjì. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́, tí ẹ kò rí ibi, ẹ pa á rẹ́. Tí ẹ bá rí wọn, tí owó ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, akọ̀ròyìn tó ní ilé iṣẹ́ àti agbẹjọ́rò lẹ ó kó o fún.

Ìbéèrè: Tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé a lè pe aṣòfin padà sílé?
— Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Òfin gbà yín láyè, ṣùgbọ́n òkè ni ẹ máa gùn. Fún sẹ́nétọ̀ àti aṣojú ní Àbújá, ẹ ka apá 69 ìwé òfin 1999; fún aṣòfin ìpínlẹ̀, apá 110. Ó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní agbègbè náà tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pé àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó jáde dìbò. Ìwé náà á lọ sọ́dọ̀ alága INEC, INEC á yẹ ìbuwọ́lù wò, wọ́n á wá ṣe ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín ọjọ́ 90 sí ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ wọn. Kò sí ìpèpadà fún gómìnà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́, lábẹ́ apá 188.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbuwọ́lù 10 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó, ṣùgbọ́n aráàlú ò lè dédé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àfi tí kóòtù bá rán aṣòfin náà lọ sẹ́wọ̀n, tó bá purọ́ lórí owó ìnáwó rẹ̀, tàbí tí ilé bá lé e jáde fún ó kéré tán ọjọ́ ìjókòó 10. Peter Bone ti Wellingborough bọ́ sínú èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà torí ó fìyà jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì hu ìwà ìbàjẹ́ sí i. Àwọn 13.2 nínú ọgọ́rùn-ún buwọ́ lùwé ní 2023, àga náà bọ́.

Nínú tiwa, ẹ wo ìlà-oòrùn Èkìtì lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn Okun wà ní Kogi West. Ní 2017 wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ obìnrin o. Ìbuwọ́lù bí 190,000 ni wọ́n kó lọ. Nígbà tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lùwé wá fi ara wọn hàn ní ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin 2018, 18,742 péré ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á kó orúkọ jọ lójú kan, wọn ò ní lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni orúkọ.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ kọ́kọ́ gba iye olùdìbò agbègbè yín lọ́wọ́ INEC, ibùdó sí ibùdó. Ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún àwọn tí ìbuwọ́lù wọn ò ní bá ti fáìlì mu. Ẹ fi èèyàn kan sí ibùdó kọ̀ọ̀kan tó mọ ojúlé àwọn tó ń gbé níbẹ̀, kó jẹ́ pé káàdì ìdìbò ló ń wò kí ẹni kẹ́ni tó buwọ́ lùwé, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, torí òun náà ni yóò padà lọ pè é jáde lọ́jọ́ tí INEC bá dé. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sókè ìwé náà ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kí owó, ọjọ́ àti òfin tó tẹ̀ lójú wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àlè nìkan lẹ kọ síbẹ̀, àwọn tí ẹ nílò ìbuwọ́lù wọn máa bi yín léèrè ohun tó kàn wọ́n níbẹ̀.